Eyín Kẹta

Àlùpùpù mi ti ń ya wèrè láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀.
Bí mo bá ti kúrò lóko, tí mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Apáta-Ẹyẹlé,
níbi tí àgbàrá ti ha ilẹ̀ pupa bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò,
ìdí rẹ̀ á máa tàkìtì,
áńdù rẹ̀ á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ mi,
obì á fò kúrò nínú agbọ̀n,
mo ń gbọ́ wọn lẹ́yìn mi: pọ́, pọ́, pọ́,
owó iná, owó oògùn, wọ́n ń já bọ́ sínú koríko.

Mo ra táyà tuntun. Kò gbọ́.
Mo dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù. Ó tún burú sí i.
Ọmọ Ṣówándé ní kí n yọ sọ́ọ̀kù méjèèjì dànù, kí n ra ti Ṣáínà,
ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún, kò sí ẹ̀dínwó.
Ọmọ Rẹ́mọ ni mí: mo kọ́kọ́ bi owó mi léèrè ná.
Owó ní òun ò lọ.

Ni mo bá tì í dé ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀ n'Íṣarà,
lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlọta.
Bàbá tí orúkọ rò. Kò fọwọ́ kan irin kankan.
Ó ní, "Gbé agbọ̀n rẹ sí i. Gùn ún." Mo gùn ún.
Ó fa ọwọ̀ kan yọ,
ó gbé e nàró láti ìdí táyà dé abẹ́ ìjókòó,
ó fi èékánná sàmì sí i.
Ó ní, "Sọ̀ kalẹ̀." Mo sọ̀ kalẹ̀.
Ó tún wọ̀n ọ́n, ó wo ọwọ̀ náà títí
bí ẹni ń ka lẹ́tà onílẹ́tà.
"Ìwọ nìkan kọ́ ni wọ́n fún sípíríǹgì yìí dè.
Ẹni tó máa ń jókòó lẹ́yìn rẹ ńkọ́?"

Mo wolẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé lọ bá ọmọ wa wẹ ọmọ n'Íbàdàn.
Oṣù mẹ́ta ló pè é. Ẹ̀ẹ̀rùn rèé, ó ti di mẹ́sàn-án.
Ọmọ náà ti ń rá, ó ń fa ara rẹ̀ dìde nídìí àga,
ìyá àgbà ò tíì rí ọ̀nà ilé.
Lórí fóònù á ní, "Ó ku díẹ̀,"
mo ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò wá lè bínú.

Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó síbẹ̀,
agbọ̀n lórí itan, ọwọ́ kan nínú ìgbànú mi,
á ní "rọra" kí n tó rí kòtò.
Èmi rò pé mo mọ ọkọ̀ gùn ni.

Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀ mú irin oníkọ̀ọ́ kan jáde,
ó fi kọ́ òrùka tó wà nídìí sípíríǹgì,
òrùka eléyín márùn-ún tí ìdọ̀tí ti bò.
"Ẹrù wúwo, a fún un. Ẹrù fúyẹ́, a dẹ̀ ẹ́.
Sípíríǹgì tí kò rí ẹni tẹ̀ ẹ́, ẹni tó gùn ún ló ń bá jà."
Kẹ́! Eyín kan. Kẹ́! Èkejì.
Apá òsì bákan náà. Kẹ́. Kẹ́.
Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ó dúró, ó wò mí.
"Ṣé kí n dẹ̀ ẹ́ tán?"
Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gba Apáta-Ẹyẹlé kọjá nírọ̀lẹ́.
Táyà ń tẹ̀ lé ilẹ̀ bí ọmọ tí ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ r'odò.
Obì kan ṣoṣo ló bọ́, mo dúró, mo ṣà á.
Ìdí ọkọ̀ ṣì ń ta, díẹ̀ báyìí,
bí ẹni ń sún kí ẹnìkan lè ráyè jókòó.

Mo ti ra irin oníkọ̀ọ́ tèmi.
Ó wà lábẹ́ ìjókòó, mo fi àkísà wé e.
Ará Ìbàdàn, ọjọ́ tó bá wù ú kó dé,
ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fẹ́.